Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń lọ fún íntáfíù iṣẹ́ máákẹ́tà, ẹ má sọ pé ẹ ò tajà rí

Nígbàkígbà tí ilé iṣẹ́ wa bá ti gbé e síta pé à ń wá máákẹ́tà, àwọn ọmọ tó máa ń wá kì í kéré. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní MAPOLY á wà níbẹ̀, àwọn tó kàwé ní FUNAAB tí wọ́n ti sìnrú ìlú tán á wà níbẹ̀, àwọn tó jẹ́ pé WAEC nìkan ló wà lọ́wọ́ wọn náà kì í gbẹ́yìn. Èmi ni mo máa ń jókòó ti ọ̀gá wa tí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, torí pé èmi náà ni màá kó ẹni tí wọ́n bá gbà jáde lọ sígboro. Abẹ́òkúta la wà, a ò tóbi púpọ̀. Ọṣẹ, mílíìkì, tòmátò inú ọ̀rá, ìpara, àwọn nǹkan tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù àdúgbò la máa ń gbé kiri fáwọn oníṣọ́ọ̀bù, láti Láfẹ́ńwá títí dé Ọbáńtokò àti ojú ọ̀nà Camp lọ́hùn-ún.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí gan-an níbi íntáfíù yìí. Tá a bá bi ọmọ pé ṣé ó ti ta nǹkan rí, á ní "rárá mà, mi ò ní ẹ̀kísípíríǹsì kankan," ojú ẹ̀ á sì wálẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Abẹ́òkúta! Tá a bá wá ń bá a sọ̀rọ̀ lọ, ibẹ̀ la ó ti gbọ́ pé ìyá ẹ̀ ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Kútọ̀, pé òun ló máa ń dúró sí ìsọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, pé ó ta dátà fáwọn ọmọ họ́sítẹ́ẹ̀lì nígbà tó wà níléèwé, pé òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe POS ní Panṣẹ́kẹ́. Kí wá ni ẹ̀kísípíríǹsì? Ta ló sọ fún yín pé ọjà téèyàn tà láìwọ táì ò kí ń ṣe ọjà?

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọbìnrin kan. Accounting ló kà, ohùn ẹ̀ rọlẹ̀ gan-an, gbogbo ìdáhùn tó ń fún wa ló dà bíi pé ó há a sórí, ọ̀gá wa sì ti fẹ́ pa fáìlì ẹ̀ dé. Mo wá wo aṣọ tó wọ̀, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, mo bi í pé ibo ló ti rà á, ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ni mà, Ìtokú ni màmá òun ti ń tà. Mo ní tí oníbàárà bá ní ó wọ́n, kí lo máa ń ṣe? Ọmọ yẹn jókòó dáadáa lórí àga, ohùn ẹ̀ yí padà. Ó ní, "Mà, tó bá ní ó wọ́n, mi ò kí ń tètè já owó lulẹ̀, màá kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ fi aṣọ ṣe. Tó bá jẹ́ pé aṣọ ẹbí ni, ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé kí aró má lọ ṣí mọ́ àwọn èèyàn lára lọ́jọ́ òde, màá mú èyí tá a ti fọ̀ fún un kó fọwọ́ ara ẹ̀ rà á wò, màá wá sọ fún un pé tó bá délé kó kọ́kọ́ fi omi tútù àti iyọ̀ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Tó bá jẹ́ pé ó fẹ́ gbé e lọ tà l'Ékòó ni, owó ẹyọ kan kọ́ ló kàn án mà, iye tá a máa gbà tó bá kó ogún ló fẹ́ gbọ́."

Ọ̀gá wa gbé bírò sílẹ̀ ó ń wò ó. Gbogbo ohun tá a máa ń fi oṣù gbáko kọ́ àwọn ọmọ tuntun ló wà nínú ìdáhùn yẹn: kó o mọ irú ẹni tó dúró síwájú ẹ, kó o mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù, kó o jẹ́ kó fọwọ́ kan ọjà, kó o má fi ẹ̀dínwó ṣe nǹkan àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu ẹ. Láti ìgbà tó ti wà ní JSS ló ti ń ṣe é, kò dẹ̀ sí níbì kankan nínú CV ẹ̀! Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé òun mọ Microsoft Word lò, àti pé òun lè ṣiṣẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ òun.

Torí náà, ẹ kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sì sọ ọ́ lẹ́nu yín dáadáa, torí "mo máa ń bá màmá mi tajà" nìkan ò tíì tó. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ tà, ẹ sọ ẹni tó ń rà á, ẹ sọ bó ṣe ń lọ tó lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ wá sọ nǹkan kan tẹ́yin fúnra yín dá ṣe tó jẹ́ kí ọjà rìn sí i. Ọmọ tó ní "mo kíyè sí i pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ókè-Mọ́sàn ò kí ń ráyè wá sọ́jà, mo wá ń gba ọ́dà wọn lórí WhatsApp láti Ọjọ́rú, mo ń gbé e lọ fún wọn ní Jímọ̀," ọmọ yẹn ti sọ̀rọ̀, ó ti fi hàn pé ojú òun là sí ibi tí owó wà. Ẹ má parọ́ ṣá o. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ta ẹ̀lùbọ́ rí, màá bi yín pé èló ni kóńgò kan, èló lẹ̀ ń ra àpò, kí ló máa ń kù tẹ́ ẹ bá wọ̀n ọ́n tán, ẹni tó tà á rí á dáhùn kí n tó pa ẹnu dé.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé orúkọ ọjà àti iye owó ẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan la fi ń kọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n kéèyàn dúró níwájú ẹni tó ń kánjú, kó gbọ́ "rárá," kó tún rẹ́rìn-ín, kó kí onítọ̀hún kó tó jáde, kó wọ ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé e láìmú ìbínú ti àkọ́kọ́ wọlé, ìyẹn ò ṣeé kọ́ nínú yàrá. Ẹni tó ti kiri ọjà rí ló ní in.

Ìbéèrè kan wà táwọn tó ń gba máákẹ́tà fẹ́ràn gan-an, kárí ayé ni wọ́n ti ń bi í. Wọ́n á mú bírò lórí tábìlì, wọ́n á ní "ó yá, ta bírò yìí fún mi." Ọ̀pọ̀ ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki bírò, ó ń dán, ó rọrùn lọ́wọ́, yíǹkì ẹ̀ ò kí ń tètè tán, òun ló dáa jù ní Nàìjíríà. Ẹni tó ń kiri ẹ̀kọ lè polówó fún gbogbo àdúgbò, torí ẹni tí ebi ń pa á dá ara ẹ̀ mọ̀, á pè é. Ṣùgbọ́n níbi íntáfíù ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó síwájú yín, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá ó nílò bírò, ẹ ò mọ ohun tó ń fi í ṣe, ẹ bi í ní nǹkan ná!

Ẹni tó ṣe é dáa jù tí mo rí, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ OND ló ní ni. Mo na bírò sí i, kò yìn ín rárá. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ máa ń kọ jù lójúmọ́?" Mo ní rìsíìtì, àti ìwé ọjà tó bá jáde. "Ẹ̀dà mélòó lẹ máa ń kọ lẹ́ẹ̀kan náà mà?" Mo ní mẹ́ta, a máa ń fi kábọ́ọ̀nù sáàárín. "Ṣé ẹ̀dà kẹta máa ń hàn dáadáa?" Mo wo ọ̀gá wa, ọ̀gá wa wò mí, torí ẹ̀dà kẹta yẹn gan-an ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín èmi àti akáńtáǹtì wa ní gbogbo ìparí oṣù. Ó ní, "Ó lè jẹ́ pé bírò tẹ́ ẹ ń lò ni yíǹkì ẹ̀ ń ṣàn jù mà, èèyàn ò kí ń tẹ irú ẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bá ń kọ̀wé, kábọ́ọ̀nù ò dẹ̀ ní gbà á. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, orí ẹ̀ le, ẹ máa ní láti tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹ kọ ọ́ wò lórí búkù yín mà." Mo kọ ọ́, mo ṣí ẹ̀dà kẹta, ó hàn. Ọmọ yẹn wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ṣé páàkì kan ni kí n kó fún yín ni àbí méjì, mà?"

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ẹ ò lè mọ iye ọmọ tó máa ń ṣàlàyé títí, ọ̀rọ̀ á dùn, èmi tí mò ń gbọ́ ọ á ti máa mi orí, wọ́n á wá ní "ẹ ṣeun mà, ọ̀rọ̀ mi ò ju báyìí lọ," wọ́n á jókòó. Wọn ò ní kí n rà á! Wọn ò béèrè owó. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù pé wọn ò ní gbà ló ń bà wọ́n, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí gan-an nìyẹn, kéèyàn béèrè, kó sì dákẹ́ kí ẹni tó bi dáhùn. Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá béèrè. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ míì bo ìbéèrè yín mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò lè ní àwọn fẹ́ ṣe bí ìyá oníṣọ́ọ̀bù. "Mo ní ẹni tó ń gbé e wá fún mi." "Ọjà yín ò yá ládùúgbò yìí." "Ẹ gbé e sílẹ̀, kẹ́ ẹ padà wá gbowó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Fún èyí àkọ́kọ́, ẹ má bu ẹni tó ń gbé e wá fún un, ìyẹn ò dáa, ó lè jẹ́ àbúrò ẹ̀. Ẹ ní ó dáa mà, ẹ má fi í sílẹ̀, ṣé ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé ọjà á tán lọ́wọ́ yín kó tó dé? Ibi tó bá ti ń pẹ́ ni ilẹ̀kùn yín wà. Fún ti ọjà tí ò yá, ẹ béèrè èyí tó ń yá, kẹ́ ẹ sì fojú wo orí àtẹ ẹ̀. Ti àwìn yẹn wá ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, torí ìdánwò ni. Ọmọ tó bá sáré dáhùn pé "kò burú màmá, ẹ máa san án," ó ti feélì lójú mi, ọjà tí kì í ṣe tiẹ̀ ló ń fi tọrẹ. Ìdáhùn tó mọ́gbọ́n dání ni pé ilé iṣẹ́ ló ní ọjà, màá béèrè ìlànà wọn lórí àwìn lọ́wọ́ ọ̀gá mi kí n tó ṣèlérí, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fowó ra páálí kan péré lónìí, ẹ máa rí bó ṣe ń lọ sí.

Ẹ tún jẹ́ n sọ èyí. Àwọn kan á wọlé, Gẹ̀ẹ́sì lásán ni, ó dáa, ẹ sọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bá fi bi yín. Ṣùgbọ́n tí ọ̀gá bá bọ́ sí Yorùbá, ẹ tẹ̀ lé e, torí ibi tí iṣẹ́ wà nìyẹn. Ìyá tó ń ta ọjà olówó ńlá ní Láfẹ́ńwá ò ní dá ẹni tó wọlé tó ní "good morning ma" lóhùn bó ṣe máa dá ẹni tó kúnlẹ̀ díẹ̀ lóhùn, tó ní "ẹ kú ọjà mà, ajé á wọgbá o." Mo ti rí i kí ìyá tó ti ń lé wa látẹ̀yìnwá fi ẹsẹ̀ ti àpótí sí wa pé ká jókòó, torí ìkíni yẹn. Àwọn ará Sábó náà wà, ẹni tó bá lè fi Haúsá kí wọn, kódà kó má ju ìkíni náà lọ, kó sọ ọ́ níbi íntáfíù, àǹfààní ńlá ni.

Ó wá kan owó. Mo mọ̀ pé ojú máa ń ti àwọn ọmọ wa láti béèrè, wọ́n gbà pé àìmoore ni, wọ́n fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbà wọ́n ná. Ẹ̀yin àbúrò mi, iṣẹ́ owó lẹ wá ṣe! Tẹ́ ẹ bá béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀gá tó dáa ò ní bínú, inú ẹ̀ máa dùn ni, torí ẹni tó lè béèrè owó tiẹ̀ láìgbọ̀n á lè gba owó ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà.

Ẹ fetí sí apá yìí dáadáa. Láti oṣù Keje ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù tí òfin ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ni 70,000 náírà, ìpínlẹ̀ Ògùn tiwa sì fi tiẹ̀ sí 77,000 lọ́dún náà fáwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n rò pé kò sẹ́ni tí kò kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin náà yọ àwọn kan sílẹ̀: ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ò pé 25, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún apá kan ọjọ́, àti àwọn tó jẹ́ pé kọmíṣọ́ọ̀nù, ìyẹn ìdá kan nínú owó ọjà tí wọ́n bá tà, la fi ń sanwó fún wọn. Ẹ ò rí i pé orí máákẹ́tà ló já sí? Ilé iṣẹ́ tó bá ní kọmíṣọ́ọ̀nù nìkan lòun máa san lè má rú òfin kankan, ẹ̀yin lẹ máa jìyà ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n ní tààrà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé owó oṣù kan wà nílẹ̀ tí màá máa gbà bí mo tà bí mi ò tà, àbí kọmíṣọ́ọ̀nù nìkan ni?"

Tí wọ́n bá ní kọmíṣọ́ọ̀nù nìkan ni, ẹ má tíì yọ̀, ẹ má tíì kọ̀ ọ́, ẹ fi fóònù yín ṣírò ẹ̀. Ká ní 3% ni wọ́n pè é. Tẹ́ ẹ bá ta ọjà 1,000,000 náírà lóṣù, 30,000 lẹ rí. Ó dáa. Ká wá ní owó ọkọ̀ yín jẹ́ 1,500 lójúmọ́, láti ilé dé dípò (ibi tá a ń kó ọjà sí), láti ibẹ̀ lọ Ìbẹ̀rẹ̀kòdó, láti Ìbẹ̀rẹ̀kòdó sí Adátán, ọjọ́ 24 lóṣù. 36,000 nìyẹn. Ẹ ti fi 6,000 ta ilé iṣẹ́ lọ́rẹ kẹ́ ẹ tó ra ìrẹsì ọ̀sán. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní àwọn ló ń gbé yín kiri nínú ọkọ̀ ọjà, tàbí pé owó ọkọ̀ wà lọ́tọ̀, ìṣírò náà yí padà pátápátá, 3% kan náà ti di nǹkan míì. Ẹ kàn ní láti béèrè ni.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá orí ọjà tẹ́ ẹ gbé jáde ni kọmíṣọ́ọ̀nù wà àbí orí owó tó ti wọlé, torí oníṣọ́ọ̀bù lè gbọ́jà kó má sanwó fún oṣù méjì. Ta ni gbèsè ẹ̀ máa wà lọ́rùn ẹ̀? Èyí ló ń pa àwọn ọmọ wa jù. Mo mọ ọmọ dáadáa, aláàápọn, tí wọ́n gé owó oṣù ẹ̀ tán pátápátá torí gbèsè ìyá kan tó kó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lóru, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un lọ́jọ́ íntáfíù pé ọrùn òun ló máa wà. Inú mi ò dùn sí i títí dòní. Ẹ tún béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tẹ́ ò bá lé tágẹ́ẹ̀tì bá, ìyẹn iye ọjà tí wọ́n ní kẹ́ ẹ tà, oṣù mélòó ni wọ́n máa fi mọ ọwọ́ yín, àti ibi tí ẹni tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé lọ. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn dára o, ẹ wo ojú wọn bí wọ́n ṣe ń dáhùn. Ó tún yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó bá ti ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014 kàn án: ó kéré tán, 8% láti inú owó oṣù yín, 10% látọ̀dọ̀ wọn. Tí wọ́n bá ń yọ ti yín, ó yẹ kẹ́ ẹ máa rí ti wọn náà nínú àkáǹtì yín.

Ti ìwé ńkọ́? Wọ́n máa béèrè onígbọ̀wọ́, kò burú, ẹni tó fẹ́ fi ọjà mílíọ̀nù lé yín lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ ilé yín. Ṣùgbọ́n kí onígbọ̀wọ́ yín ka fọ́ọ̀mù náà tán kó tó sáìnì, pàápàá ibi tí wọ́n bá kọ iye owó sí. Sáàtífíkéètì yín tòótọ́, ẹ fi hàn wọ́n, ẹ fún wọn ní fọ́tòkópì, kẹ́ ẹ gbé tòótọ́ padà sílé. Àwọn kan máa ń gbà á dè kí ọmọ má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwà yẹn ò dáa rárá, ọmọ á wá ríṣẹ́ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní rí ìwé ẹ̀ gbé lọ síbẹ̀.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ àwọn oníjìbìtì falẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì pé kẹ́ ẹ wá fún íntáfíù nílé iṣẹ́ tẹ́ ò kọ̀wé sí rí, tí kò sí orúkọ iṣẹ́ níbẹ̀, gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n pè yín sí, ẹ ṣọ́ra. Ẹ máa débẹ̀ èèyàn á ti kún, ẹnì kan á máa sọ bó ṣe ra mọ́tò, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n á ní kẹ́ ẹ sanwó ra ọjà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú àwọn míì wá. Kò síṣẹ́ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó fọ́ọ̀mù, owó kọ́ọ̀sì, owó aṣọ iṣẹ́ kó tó gbà yín, ẹ dìde, ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ lè tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ sórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, láti mọ̀ bóyá wọ́n forúkọ sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìforúkọsílẹ̀ nìkan ò sọ wọ́n di èèyàn dáadáa. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nílé mọ ibi tẹ́ ẹ wà.

Ti aṣọ, ẹ lọ̀ ọ́, kó mọ́, ó tán. Àdìrẹ tó mọ́ dáa. Bàtà tẹ́ ẹ lè rìn ni kẹ́ ẹ wọ̀, torí àwọn ilé iṣẹ́ kan wà, tiwa náà wà lára wọn, tó jẹ́ pé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ tán wọ́n á ní kẹ́ ẹ tẹ̀ lé máákẹ́tà kan jáde fún ọjọ́ kan kí wọ́n tó pinnu.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Oòrùn á mú, òkè pọ̀ n'Ísàlẹ̀-Ìgbẹ̀hìn àti Sápọ́n, ọ̀nà à ń gùn à ń sọ̀. A ò retí pé kẹ́ ẹ ta nǹkan kan. Ohun tí mò ń wò ni bóyá ojú yín wà nílẹ̀. Tá a bá wọ ṣọ́ọ̀bù, ṣé orí fóònù lẹ wà ni, àbí ẹ̀ ń wo orí àtẹ, ẹ̀ ń ka iye ọṣẹ tiwa tó kù, ẹ̀ ń wo tàwọn ilé iṣẹ́ míì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ àti iye tí wọ́n ń tà á? Ṣé ẹ gbọ́ nígbà tí ìyá yẹn ní ọmọ òun ò yá? Tá a bá jáde, màá bi yín pé kí lẹ rí. Ọmọ kan sọ fún mi pé, "Àǹtí, mílíìkì ọlọ́rá kékeré nìkan ló ti tán, ti inú agolo ṣì wà níbẹ̀ tó ti ní eruku, ó jọ pé owó kékeré làwọn ará ibí fi ń ra nǹkan." Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ọ̀gá wa pé kó gbà á. Kò tíì ta kọ́bọ̀ fún wa, ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tó yẹ ká gbé wá síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì kékeré kan ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ dúpẹ́, ẹ sọ ohun kan pàtó tẹ́ ẹ gbádùn nínú ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kan tẹ́ ò gbọ́ nǹkan, ẹ pè wọ́n, kì í ṣe ìyọlẹ́nu, ohun tí máákẹ́tà máa ń ṣe fún oníbàárà tó ní "màá ronú sí i" ni. Tí wọ́n bá ní àwọn ò gbà yín, ẹ bi wọ́n pẹ̀lẹ́ pé kí ló kù díẹ̀ káàtó, àwọn kan á sọ fún yín.

Ẹ má sì jókòó ti íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ọ̀pọ̀ àwa tá à ń pín ọjà l'Abẹ́òkúta ò kí ń lẹ ìwé mọ́ ibì kankan, ẹni tá a bá rí la máa ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ CV yín jáde, kẹ́ ẹ máa wọ dípò kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀nà Láfẹ́ńwá, Aṣèrò, Ọbáńtokò, kẹ́ ẹ béèrè ọ̀gá tó ń bójú tó àwọn máákẹ́tà, kẹ́ ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ti tà rí láàárín ìṣẹ́jú méjì. Ẹ má lọ láàárọ̀ kùtù nígbà tá à ń kẹ́rù sínú ọkọ̀, a ò ní ráyè gbọ́ yín, ẹ má sì lọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tá à ń ka owó. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, tí àwọn ọkọ̀ ti jáde, tí ọ̀gá ti jẹun, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ kan ilẹ̀kùn.